Ọrùn Tí Mo Wọ̀n, Oorun Tí Mo Gbèjà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ kí ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe, n kì í dáhùn pé nọ́ọ̀sì ni mí kí n sì dákẹ́. Ìdáhùn yẹn kúrú jù, àwọn ènìyàn sì ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àti aṣọ funfun. Iṣẹ́ mi gan-an ni wíwọn ara ènìyàn. Mo wọn ọrùn, mo wọn ìbàdí, mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, mo wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mo sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo ń wọ̀n pé báwo ni ó ṣe sùn. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Lọ́kọ́jà, n kò sì kábàámọ̀ ìjà náà. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àdúgbò Crusher ní Lọ́kọ́jà níbí ni mò ń gbé, àwọn ọmọ aládùúgbò tí wọ́n ń ronú iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ sì máa ń wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà mi. Nítorí tiwọn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gùn. Mo kàwé ní Kàbà, mo ṣe ìdánwò, mo yege, wọ́n sì gbé mi wá sí ilé ìwòsàn kan ní Lọ́kọ́jà. Ọ̀rọ̀ owó oṣù náà kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọjá níbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Mátírọ́ọ̀nù Ojoma, ọmọ Ígálà tó dàgbà sí àdúgbò Kabawa ní Lọ́kọ́jà, níbi tí ọmọdé ti ń gbọ́ èdè mẹ́ta kó tó mọ Á-B-D. Obìnrin gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Bàtà rẹ̀ kì í dún rárá, ẹ̀yìn wa ni a sì máa ń bá a lójijì. Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ti fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn bí ẹni tí iṣẹ́ ti mọ́ lọ́wọ́. Ó bọ́ ọ lọ́rùn mi, ó sì gbé e sínú dúróò.

Ó ní, "Ọmọ Kàbà, lọ jókòó."

"Níbo, Mà?"

"Lórí bẹ́ńṣì, láàárín àwọn aláìsàn. Má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Wò wọ́n. Bí o bá padà wá, sọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé fún mi, kí o sì sọ ìdí rẹ̀."

Mo rò pé iṣẹ́ àárọ̀ kan ni. Ìgbà òjò wọlé, ó sì parí, mo ṣì wà lórí bẹ́ńṣì. Bí gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́ wa. Ètè ni à ń wò, ẹsẹ̀ tó wú ni à ń wò, ẹni tó ń mí láti ẹnu ni à ń wò. Mátírọ́ọ̀nù a máa bi wá pé, "Kí ni ó sọ fún ọ kó tó sọ̀rọ̀?" Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn yóò padà sórí bẹ́ńṣì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo padà wá jíṣẹ́ fún un pé bàbá kan tó wọ bùbá aláwọ̀ ewé lè dúró di ìgbẹ̀yìn, nítorí ó ti sùn lọ, ara sì tù ú.

Mátírọ́ọ̀nù béèrè pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀dì ni bẹ́ńṣì wa?"

"Rárá, Mà."

"Ṣé o gbọ́ igbe ọmọ tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ nínú yàrá kejì?"

"Mo gbọ́, Mà."

"Èmi náà gbọ́. Àwọn tó wà lẹ́nu géètì gbọ́. Òun nìkan ni kò gbọ́. Ẹni tó lè sùn ní ìjókòó lórí pákó, láàárọ̀ kùtùkùtù, nínú ariwo bí èyí, ó ní ohun tó ń jí oorun alẹ́ rẹ̀ gbé. Lọ mú un wọlé. Òun ni ẹni àkọ́kọ́."

Ó wọn ìfúnpá bàbá náà lójú mi, ó sì ga débi pé mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ọrùn rẹ̀ kúrú, ó sì ki. Ó ní orí máa ń fọ́ òun ní gbogbo òwúrọ̀, ẹnu òun máa ń gbẹ, òun sì máa ń dìde tọ̀ lóru títí agara fi ń dá òun. Wọ́n ti fún un ní oògùn ìfúnpá níbòmíràn, wọ́n tún ti fi òmíràn kún un, ìfúnpá náà kò gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè oorun.

Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù gbà mí láyè láti fọwọ́ kan tépù, ìyà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ wọn ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ nàró, kó wo iwájú, kó sọ èjìká rẹ̀ kalẹ̀. Ìsàlẹ̀ kókó ọ̀fun ni tépù ń gbà kọjá. Kò gbọdọ̀ dẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fún. Bí tépù mi bá fún díẹ̀, Mátírọ́ọ̀nù a tú u, a ní kí n bẹ aláìsàn náà, kí n sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ohun kan ti ń fún un lọ́rùn lálẹ́. Ìwọ má ràn án lọ́wọ́." Mo kórìíra rẹ̀ nígbà náà. Lónìí, bí mo bá rí ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì tó ń wọn ènìyàn lórí ìjókòó, tó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù, obìnrin yẹn ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo lọ sí yunifásítì, mo gba oyè, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ fún mi ní àlàyé ohun tí Mátírọ́ọ̀nù ti fi hàn mí. Bí ènìyàn bá sùn, iṣan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ a dẹ̀. Lára ẹlòmíràn, ọ̀rá tó yí ọ̀fun ká, tàbí ahọ́n tó tóbi, tàbí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ tó kéré tó sì sún sẹ́yìn, a mú kí ọ̀nà náà pàdé pátápátá. Àyà ń fà, afẹ́fẹ́ kò wọlé. Ọkàn a bẹ̀rẹ̀ sí í làkàkà, ọpọlọ a ta jí díẹ̀, ẹni náà a mí gúlegúle, a sì tún padà sínú oorun láìmọ̀ pé òun jí. Báyìí ni yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ara tó ń ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní alaalẹ́ kò lè wà bí ara ẹni tó sinmi. Ìfúnpá a ga. Ṣúgà a máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí ara kò gbọ́ràn mọ́ sí ínsúlíìnì, omi-ara tó yẹ kó máa dín in kù. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà a pọ̀, ikùn a máa yọ síwájú, ọ̀rá tó ń pọ̀ sí i a sì tún máa fún ọ̀nà ọ̀fun náà mọ́ra. Àrùn èémí-dídá lójú oorun ni mo ń pè é.

Ibí yìí ni inú ti máa ń bí mi, n kò sì ní fi bò. Ìlú wa máa ń yin àìsàn yìí. Bí ọrùn ọkùnrin bá ki, tí ikùn rẹ̀ yọ, a ní ayé yẹ ẹ́. Bí ó bá ń hanrun tí ògiri ń mì, a ní ó ń gbádùn oorun. Bí ó bá wá sùn lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹnu kan náà tó yìn ín ni a ó fi pè é ní ọ̀lẹ. Mo bá àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo bá àwọn oníwàásù jà, mo sì bá àwọn dókítà tó ń kọ oògùn ìfúnpá bí ẹni ń kọ orin jà. Mo tún bá àwọn tó wà lódì kejì jà, àwọn tó gbọ́ díẹ̀ tí wọ́n wá ń fi gbogbo ẹni tó sanra ṣe ẹlẹ́yà. Mo ti wọn ẹni tó gbẹ bí igi, tí àgbọ̀n rẹ̀ kéré, tí èémí rẹ̀ ń dá ní alaalẹ́. Mo ti wọn abara-tìǹtì tó ń sùn bí ọmọ ọwọ́. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ìjà tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Jímọ̀.

Jímọ̀ ni ó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa. Ọmọ Ọ̀ffà ni, ọlọ́yàyà, ó mọ gbogbo ihò tó wà lójú ọ̀nà láti Old Market títí dé Kóòtónkárífí. Àgbàlá ńlá kan ní Kabawa ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sàídì, ń gbé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ayálégbé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ooru Lọ́kọ́jà mọ̀ pé bí oṣù kẹta bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó ń sùn nínú yàrá. Gbogbo àgbàlá a tẹ́ ẹní síta. Bí Jímọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, ẹnìkan a ní, "Jímọ̀ ti tan jẹnẹrétọ̀." Bí ó bá dákẹ́ lójijì, òmíràn a dáhùn pé, "Epo ti tán." Wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ fún wa lẹ́nu iṣẹ́, a sì ń bá a rẹ́rìn-ín, àfi èmi.

Mo pè é wọlé, mo wọn ọrùn àti ìbàdí rẹ̀, mo wọn ìfúnpá rẹ̀. Mo ní, "Jímọ̀, n kò fẹ́ràn ohun tí mo rí. Nígbà tí epo bá tán yẹn, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ?"

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọrùn bàbá mi ni mo gbé wọ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí bọ́ọ̀sì mi wà."

"Ṣé ó máa ń ṣe ọ́ bíi pé ẹnìkan ń fún ọ lọ́rùn?"

Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. "Ó máa ń ṣe mí. Mo ti ń gbàdúrà sí i."

Mo sọ fún àwọn aláṣẹ pé kí ọkùnrin yìí má wakọ̀ ọ̀nà jíjìn títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kò sí dírẹ́bà mìíràn, wọ́n sì ní kí n dojú kọ iṣẹ́ mi. Mo dá wọn lóhùn pé iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn ni ẹ̀gbọ́n Jímọ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Hàjíà, wá láti Ọ̀ffà láti wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Hàjíà jí lóru, ó sì rí ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí ẹní, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, tó ń wo ẹnu rẹ̀. Ó tún jí lóru mìíràn, bákan náà ló bá a. Ó ti gbọ́ lẹ́nu Jímọ̀ pé ẹnìkan máa ń fún òun lọ́rùn lójú oorun. Ó ro méjèèjì pọ̀. Kò pe obìnrin náà ní orúkọ burúkú kankan, ó kàn ní kí ó lọ sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àgbájà, abúlé wọn tí kò jìnnà sí Lọ́kọ́jà. Jímọ̀ bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò lè jiyàn. Ìyá Sàídì di ẹrù rẹ̀, ó sì lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀sì wa dànù.

Ọ̀sán gangan ni, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Jímọ̀ ń gbé àwọn tó lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára bọ̀ wálé. Ọkọ̀ náà kúrò lójú títì wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó mọ ibi tó ń lọ, ó gun òkìtì òkúta tí wọ́n kó sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì dojú dé. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ọ̀gbẹ́ni Jólàyẹmi, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, fọ́ débi pé kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ sọ pé Jímọ̀ kò tẹ bíréèkì rárá. Ó ń sùn.

Ariwo gba ìlú. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ní ó mutí, ọkùnrin tí kò tọ́ ọtí wò láyé rẹ̀. Ní àgbàlá, wọ́n ní ìyàwó tó lọ sí Àgbájà ti na ọwọ́ rẹ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti lé Jímọ̀ kúrò níṣẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe iṣẹ́. Ní Kabawa, Jímọ̀ ń dá sùn ní alaalẹ́, kò sẹ́ni tó jókòó tì í, èémí rẹ̀ sì ń dá. Èyíkéyìí nínú àwọn òru yẹn lè jẹ́ èyí tí kò ní jí sí.

Mo wọkọ̀ lọ sí Àgbájà. Ìyá Sàídì ń yan gààrí nígbà tí mo dé, ó kí mi pé "Okun o," bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbẹ̀, ó sì fún mi ní àpótí. Mo bi í pé kí ni ó máa ń ṣe nígbà tó bá jókòó ti ọkọ rẹ̀ lóru.

Ó ń ro gààrí náà lọ bó ti ń dáhùn. "Mo máa ń fi ìgúnpá gún un ni, Nọ́ọ̀sì."

"Nígbà wo?"

"Nígbà tó bá dákẹ́. Bí ó bá ti dákẹ́, àyà rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́wọ́ sí imú rẹ̀, kò sí nǹkan kan. Màá gún un. Á mí. Màá fẹ̀yìn lélẹ̀. Á tún dákẹ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí a tó bí Sàídì."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Kí n ní kí ni? Kí n ní mo máa ń gún ọkọ mi lóru? Ta ló kù tí kò ní gbà pé èmi ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, n kò sì ní tàbùkù wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni ó mú mi mọ ìdí tí bọ́ọ̀sì fi dànù lọ́sàn-án tí kò sì dànù ní gbogbo ọdún tó ti kọjá. Ìgúnpá rẹ̀ ni gbogbo ìtọ́jú tí Jímọ̀ ní. Wọ́n lé ìtọ́jú náà jáde kúrò nílé, wọ́n sì ní kó lọ sinmi.

Láti Àgbájà, Kabawa ni mo gbà lọ tààrà. Mo bá Hàjíà lórí ẹní ìrun. Mo dúró títí ó fi sálámà, tí ìrun náà parí, mo sì kúnlẹ̀ kí i.

Mo ní, "Hàjíà, n kò wá jiyàn. Ẹ bá mi ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ jókòó ti Jímọ̀ fúnra yín lóru òní, níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ẹ gbọ́wọ́ sí imú rẹ̀."

Ó ní, "Ṣé ìwé tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn? Kí àgbà má sùn?"

"Òru kan péré, Hàjíà. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, n kò ní yọ ọ̀rọ̀ yìí sọ mọ́ láé."

"Bí mo bá rí i ńkọ́?"

"Ẹ ó mọ ohun tí ẹ ó ṣe."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tíì wọ aṣọ iṣẹ́ tán tí mo fi rí i lórí bẹ́ńṣì wa, láàárín àwọn aláìsàn, ojú rẹ̀ wú, gèlè rẹ̀ wọ́. Mo jókòó tì í. Kò wò mí.

Ó ní, "Ó kú lójú mi. Ó jí. Ó tún kú. Mo rò pé ọ̀kan ni. Nígbà tó di bíi pé kò ní mí mọ́, mo gún un." Ó fa apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń fi ọwọ́ kejì ra ìgúnpá rẹ̀. "Títí ilẹ̀ fi mọ́, Nọ́ọ̀sì. Títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọmọbìnrin yẹn ti ń ṣe èyí láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó bí Sàídì, Mà."

Ó dìde, ó sì jáde lọ wá ọkọ̀ Àgbájà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ mú Ìyá Sàídì padà wálé. N kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé, n kò sì ní hun ìtàn nípa ohun tí n kò rí.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, mo gbé ìwọ̀n mi kalẹ̀: ọrùn, ìbàdí, ìfúnpá. Mo ní ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, aláìsàn ni, àìsàn náà lórúkọ, ó ní ìtọ́jú, a sì ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀. Alága sọ pé gbogbo dírẹ́bà tó bá sùn ni yóò máa sọ bẹ́ẹ̀ láti òní lọ. Mo ní kí a wọn gbogbo wọn nígbà náà. Kí ni ó burú níbẹ̀?

Ọ̀gbẹ́ni Jólàyẹmi wà níbẹ̀ lórí igi ìtìlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ mi ni ó lọ sí i. Ẹ má fi ìmọ̀ ìwé bò ó mọ́lẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni ẹ ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi."

Ó gbà á. Ó ní kò sí ọwọ́ mìíràn tí yóò kan án. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, òun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ṣúgà Jímọ̀ ti ga kọjá ibi tó yẹ, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà sì rí bákan náà, ara ọkùnrin náà sì ti ń bàjẹ́ láti inú wá láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní, "Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí mo lè bínú sí mọ́." Hàjíà dìde lẹ́yìn rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó sì sọ ohun tó rí lórí ẹní. Wọn kò lé Jímọ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà sì fara mọ́ ọn, wọ́n sì fi í síbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe.

A rán an lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú mìíràn. Wọ́n so okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ orí àti àyà rẹ̀, wọ́n ní kó sùn, ẹ̀rọ sì ń ka èémí rẹ̀. Ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba ìbòmú wọlé, kí ọ̀nà ọ̀fun má baà pàdé. Àwọn ọmọ àgbàlá ní Jímọ̀ ti di awakọ̀ òfuurufú. Ìṣòro tó wà ní Kabawa ni iná. Ẹ̀rọ tó ń fún ènìyàn ní èémí kò lè máa dúró de iná ìjọba. Jímọ̀, tó mọ ọkọ̀ tọkàntọkàn, gbé bátìrì ọkọ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì so ó mọ́ páálí tó ń gba agbára oòrùn lórí òrùlé. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó fi oúnjẹ alẹ́ ńlá sílẹ̀, ó ń rìn lẹ́bàá odò ní ìrọ̀lẹ́, ìfúnpá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí oògùn.

Ìyá Sàídì ni ó sọ fún mi pé òun kò sùn ní òru tí wọ́n kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ náà. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pọ̀ jù.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá olómi fàdákà tí mo bá níbẹ̀ ti di ohun ìrántí. Nǹkan kékeré kan wà báyìí tí a ń fi há ìka tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ìyàwó, àti àwọn ọkọ pàápàá, ń gba ohùn oorun ẹnìkejì wọn sínú fóònù, wọ́n ń gbé e wá fún wa gbọ́. Mo fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì tí wọn kì í wo ọ̀dọ̀ bẹ́ńṣì mọ́, nítorí ohun tí ẹ̀rọ orí ìka bá sọ ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó yẹ kí a fi í há lọ́wọ́. Ojú ni ó ń mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, bí ẹ kò bá lè jókòó láàárín àwọn aláìsàn kí ẹ sì wò wọ́n láìfọwọ́ kàn wọ́n, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan dúró níwájú ilé mi. Jímọ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ti fọn sí i, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ìyá Sàídì sọ̀ tẹ̀lé e, pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n fi agídí mú wá.

Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe mí, Nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin yìí kàn ń yọ mí lẹ́nu ni."

Jímọ̀ ní, "Ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni ó bẹ̀rẹ̀?"

"Àwọn ọmọ àgbàlá ti ń pè é ní jẹnẹrétọ̀ tuntun. Lóṣù tó kọjá, epo tán."

Mo wo obìnrin náà dáadáa. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá láti ọdún mélòó kan, ìbàdí rẹ̀ ti gbilẹ̀, ojú rẹ̀ sì wú lábẹ́. Ó ní orí ń fọ́ òun láàárọ̀, òun rò pé ọjọ́ orí ni. Wọ́n ti lọ sí ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì sọ fún wọn níbẹ̀ pé àìsàn ọkùnrin ni èyí, kí obìnrin lọ máa mu tíì tó gbóná. Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé mo ṣì ní ìjà kan láti jà. N ó kọ̀wé sí wọn, n kò sì ní fi omi sí i.

Mo bi Ìyá Sàídì pé, "Ta ló wá ń gún ọ báyìí?"

Ó fi ẹnu júwe ọkọ rẹ̀. Jímọ̀ ń ra ìgúnpá rẹ̀.

Ó ní, "Mo máa ń yọ ìbòmú mi kí n lè gbọ́ ọ dáadáa."

"Ìwọ yọ ọ́?"

"Nọ́ọ̀sì, èmi ni ó kàn."

Mo ní kó má tún dán irú rẹ̀ wò, pé ẹni méjì ni a ó sin. Mo ṣí dúróò, mo sì mú tépù mi jáde. Ìyá Sàídì dìde láìjẹ́ pé mo sọ ọ́, ó wo iwájú, ó sọ èjìká rẹ̀ kalẹ̀. Mo gbé tépù náà yí ọrùn rẹ̀ ká, ní ìsàlẹ̀ kókó ọ̀fun, mo sì rí i pé kò fún un.